Àmì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè Fún

Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Mowé pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọmọ àwọn ń ṣe nílùú òyìnbó. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé síbí ni wọ́n pè mí pé, "Iṣẹ́ wo wá lo rí?" Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi, òórùn ọṣẹ ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Kọ̀ǹpútà náà ni, Mọ́mì." Wọ́n hó yèè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kò sì rí àyè fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Bí irọ́ náà ṣe dúró nìyẹn.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń wẹ̀ fún wọn, mo máa ń wọṣọ fún wọn, mo máa ń fi ṣíbí bọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Iṣẹ́ gidi ni, n kò sì jí ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Nílé, Injíníà ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó wá kí mi pé ó dàbọ̀ ya fọ́tò pẹ̀lú mi, wọ́n ní kí n má gbàgbé àwọn bí mo bá ti dọ̀gá. Ojoojúmọ́ tí mo bá gbé póò ìtọ̀ lọ́wọ́ lọ dà nù, ojú àwọn èèyàn yẹn ni mo máa ń rí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọ́n ní Jọ́ọ̀jì lorúkọ rẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo kí i ní "sà". Obìnrin tó ń kọ́ mi níṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní Jọ́ọ̀jì ni kí n máa pè é, ohun tí bàbá náà fúnra rẹ̀ fẹ́ nìyẹn. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Bàbá tó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ, kí n kàn la orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pè é ní "sà", títí ó fi bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ṣọ́jà ni mí tẹ́lẹ̀.

A jẹ́ mẹ́rin nínú ilé tí mo ń gbé. Kálukú ló ni ìkòkò tirẹ̀ àti àyè tirẹ̀ nínú fíríìjì, kálukú sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ibà dá mi gúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà kan, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ní Ìbafò tí mo ti kúrò, bí ilẹ̀ bá mọ́ tán tí n kò tíì jáde, ó kéré tán ẹni méjì á ti kan ilẹ̀kùn, ọ̀kan á máa bínú pé kí ló dé tí mò ń sùn. Mo máa ń ráhùn nípa wọn nígbà yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí mo fi ń pe ara mi ní ẹni tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí n tó kúrò nílé, mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìbafò. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ibẹ̀, Mátírọ̀nù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Inú ètò náà ni orúkọ àwọn aláboyún wà, àti irú ẹ̀jẹ̀ wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá. Bí wọ́n bá tẹ ibì kan báyìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tẹ káàdì jáde fún ìyá náà láti mú lọ sílé.

Sister Yétúndé ló máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ agbègbè Ìwó ni wọ́n. Ọkọ wọn ń lẹ táìlì kiri ọ̀nà Òkè-Àró àti Ifọ̀, yàrá kan ni wọ́n sì háyà sí Ìbafò. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi jù mí lọ, síbẹ̀ Injíníà ni wọ́n ń pè mí, "ẹ" ni wọ́n sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ní gbogbo oṣù tí mo fi ń kọ ètò náà, bí iná bá ti lọ, àwọn ló máa ń sáré lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀ kí iṣẹ́ mi má baà ṣòfò.

Mo kọ́ wọn ní nǹkan kan nígbà yẹn. Mo ní, "Sister, bí kọ̀ǹpútà bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín sójú, ẹ má kàn pa á dé o. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí gẹ́lẹ́, títí kan dọ́ọ̀tì." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ra ìwé tuntun kan, wọ́n fi bébà bò ó bí ìwé ọmọ ilé-ìwé, wọ́n kọ "Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà" sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo ti lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ níbí, Mátírọ̀nù fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé àwọn ìyá kan kò rí lẹ́tà ara káàdì kà dáadáa, ṣé mo lè bá àwọn sọ ọ́ di ńlá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọjọ́ ìsinmi mi ni mo fi ṣe é, lọ́sàn-án, lórí bẹ́ẹ̀dì mi, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ìgbà tí mo ṣe é tán, ó kéré jù lójú mi. Ẹni tó wà lókè òkun ló fi lẹ́tà ńlá nìkan ránṣẹ́? Mo wá fi àmì kan kún un, àmì dúdú onígun mẹ́rin tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára ọjà, èyí tí fóònù máa ń kà. Kò sẹ́ni tó béèrè fún un. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí i ní Ìbafò, kí wọ́n sọ pé ọmọ yìí ti dé ibi gíga.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Àwa tó ń kọ ètò kì í kọ gbogbo rẹ̀ fúnra wa. Àwọn kan ti kọ oríṣiríṣi iṣẹ́ kéékèèké sínú fáìlì ńláńlá sílẹ̀ dè wá, láìbírì là ń pè é. Bí ètò wa bá nílò ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà, á pè é lórúkọ, iṣẹ́ náà á sì jẹ́. Láìbírì tó wà ní Ìbafò ti pẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya àmì dúdú yẹn. Mo gba tuntun sórí kọ̀ǹpútà tèmi, mo kọ ètò, mo ní kí kọ̀ǹpútà yí i sí èdè ẹ̀rọ. Ó yí i pátá láìráhùn. Mo dán an wò, káàdì náà yọ sójú kọ̀ǹpútà mi, ó sì rẹwà.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa rí i gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ lórí fóònù máa ń ro ti dátà ẹni tó máa gbà á. A máa ń fún fọ́tò kó kéré, a sì máa ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́. Ó ti mọ́ mi lára, n kò tiẹ̀ ronú sí i mọ́. Ètò tí mo kọ kéré, fódà tí láìbírì wà nínú rẹ̀ ló wúwo. Mo yọ fódà kúrò, mo fi ètò nìkan ránṣẹ́ sí Sister Yétúndé, mo ní kí wọ́n fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Fódà àtijọ́ ṣáà wà lọ́dọ̀ wọn. Mo tiẹ̀ rò pé mò ń ṣàánú wọn ni.

Wọ́n fi sí i, ó ṣí. Mátírọ̀nù gbàdúrà fún mi fún odindi ìṣẹ́jú méjì.

Ọjọ́ Ajé ni àwọn aláboyún máa ń wá. Mò ń ti Jọ́ọ̀jì lórí kẹ̀kẹ́ ìjókòó rẹ̀ lọ síbi oúnjẹ àárọ̀ nígbà tí fóònù mi dún, mo sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mátírọ̀nù ni.

"Ọmọ mi, nǹkan tó o fi ránṣẹ́ yẹn ti kú o! Àwọn obìnrin ti kún bẹ́ǹṣì."

"Ṣé kò ṣí ni, mà?"

"Ó ṣí. A tẹ orúkọ sí i, ó gbà. Ibi ìtẹ̀wé báyìí ni. Bá a bá ti tẹ̀ ẹ́, á da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lójú, á sì pa ara ẹ̀ dé."

Ohun tó yẹ kí n béèrè ni Gẹ̀ẹ́sì wo ló dà sílẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà lánàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Mátírọ̀nù ti fi fóònù sí ibi tí gbogbo èèyàn á ti gbọ́, mo sì ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìtìjú bò mí, ọ̀rọ̀ kan sì jáde lẹ́nu mi.

Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ mi níbí, mà. Ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Àbí ẹnì kan ti ki fláàṣì bọ̀ ọ́?"

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí Mátírọ̀nù ké, "Yétúndé! Orin kọ́yà yín tó o tẹ̀ jáde lọ́jọ́ Sátidé, fláàṣì kọ́ lo fi gbé e wá?"

Mo gbọ́ ohùn Sister Yétúndé láti ọ̀ọ́kán. "Mátírọ̀nù, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo búra. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó kọ sójú fún Injíníà."

Mo ní iṣẹ́ ń pè mí, màá padà pè wọ́n. Mo pa fóònù. Jọ́ọ̀jì bi mí bóyá láburú kan ṣẹlẹ̀ nílé, mo ní rárá o.

Sister Yétúndé pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó gbé e. "Injíníà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé yẹn. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀ sí yín. Ẹ kàn bá mi wò ó." Mo dá wọn lóhùn bí ọ̀gá tí wọ́n ń dí lọ́wọ́, mo ní, "Sister, ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tẹ́ ẹ lè mọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n ráyè ná." Wọ́n ní, "Kò burú, sà." Obìnrin tó ń fa jẹnẹrétọ̀ fún mi ló ń pè mí ní sà. N kò ṣí fọ́tò náà.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi pè. A sọ̀rọ̀ nípa òtútù, a sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, kí wọ́n tó ní, "Ṣó o gbọ́ pé wọ́n ti ní kí Yétúndé máa lọ? Wọ́n ló ba kọ̀ǹpútà Mátírọ̀nù jẹ́." Mo jókòó sórí pèpéle tó wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú náà. Nígbà tí ìyá mi dágbére, mo wá inú fóònù mi lọ síbi tí fọ́tò ọjọ́ yẹn wà, mo sì ṣí i.

Ojú ìwé "Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà" ni. Wọ́n ti fi bírò búlúù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà kan kò yẹ̀, dọ́ọ̀tì kan kò sọnù. Ìlà àkọ́kọ́ ti tó: ètò náà pe iṣẹ́ kan lórúkọ, kò sì rí i. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n rán ọ sí ẹnì kan ní ilé kan, o dé ibẹ̀, o bá ilé, àmọ́ ẹni náà kò tíì kó débẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà hàn gedegbe. Èyí tó ń ya àmì dúdú ni.

Sister Yétúndé kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ìsàlẹ̀: "Injíníà, mo wo ọjọ́ tó wà lára àwọn fáìlì. Ètò jẹ́ ti oṣù yìí. Àwọn tó wà nínú fódà jẹ́ ti ọdún tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e wá. Ṣé fódà yẹn náà kò ní tuntun ni?"

Mo délé, mo yọ láìbírì tuntun kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi, mo wá ti àtijọ́ jáde, mo fi í síbẹ̀, mo sì tẹ ibi ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló yọ sójú, bó ṣe wà nínú ìwé wọn. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà mi ń yí ètò náà sí èdè ẹ̀rọ, láìbírì tuntun ló ń wò, ìdí nìyẹn tí kò fi ráhùn. Ní Ìbafò, ti àtijọ́ ló bá. Ètò náà á ṣí, á gba orúkọ, nítorí kò tíì nílò iṣẹ́ náà títí ẹnì kan á fi tẹ ibẹ̀. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan. Obìnrin tí mo ní kò lè mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kìíní.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wá ṣe, torí ó ṣì ń tì mí lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fi fódà tuntun ránṣẹ́ sí Mátírọ̀nù, pẹ̀lú àlàyé bí wọ́n ṣe máa fi í rọ́pò ti àtijọ́, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ti pa fáírọ́ọ̀sì náà, mà." Mo rò pé bí kọ̀ǹpútà bá ti dá, ìbínú wọn á rọ̀, wọ́n á sì pe Sister Yétúndé padà láìsí pé mo la ẹnu mi.

Ohùn Mátírọ̀nù wọlé kí n tó jẹun tán. "Ṣẹ́ ẹ rí ọmọ! Àtòkè òkun ló ti pa á! Káàdì ń jáde bí omi. Àní mo dúpẹ́ pé mo tètè lé obìnrin yẹn." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Àtúnṣe mi ló wá di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dá Sister Yétúndé lẹ́bi.

Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo wẹ̀ fún Jọ́ọ̀jì, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ níwájú mi pé èmi ni òun fẹ́ kó máa fá irùngbọ̀n òun, pé ọwọ́ mi kì í kánjú. Nǹkan ayọ̀ ni ìyẹn láàárín wa níbí. Bó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, inú mi ì bá dùn dọ́ba. Àmọ́ mò ń ronú pé àwọn tó rí ọwọ́ mi níbí kò mọ ẹnu mi nílé, àwọn tó ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi nílé kò sì mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. N kò sí níbì kankan délẹ̀délẹ̀.

Ìyá mi ló tún pè. Wọ́n ní àwọn pàdé Sister Yétúndé ní Mowé, pẹ̀lú fáìlì ìwé ẹ̀rí lábẹ́ apá. Sister ti dé ilé ìwòsàn mẹ́rin, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti ṣáájú wọn débẹ̀. "Ó mà kí ẹ o," ni ìyá mi wí. "Ó ní kí n sọ fún ẹ pé kó o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, pé òun gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ burú."

Mo sunkún. Àgbàlagbà ọkùnrin bíi tèmi, mo sunkún. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí ló dé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ti fódà, ti fláàṣì, ti iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wá bi mí:

"Àwọn arúgbó yẹn, ṣé wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ?"

"Àwọn kan, mà."

"Ó dáa. Lọ tún ti Yétúndé ṣe. Má tíì sọ ti iṣẹ́ ẹ fún Pásítọ̀ ná, màá fi ọgbọ́n gbé e kalẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn mo pe Sister Yétúndé. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè rí mi, mo ní èmi ni mo ṣe é, pé fódà ni. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún Mátírọ̀nù?"

"Mo sọ. Wọ́n bi mí pé ṣé mo fẹ́ mọ kọ̀ǹpútà ju ẹni tó ń ṣe é fún òyìnbó lọ ni."

Mo ní màá pe Mátírọ̀nù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní rárá. "Injíníà, lójú èrò ni wọ́n ti lé mi. Àwọn obìnrin kún bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni mo mọ ilé wọn. Bẹ́ ẹ bá máa sọ ọ́, ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Mo gba àyè ní ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, mo jáde sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Òjò ń ṣẹ́. Mo pe Mátírọ̀nù, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi fóònù sí ibi tí gbogbo èèyàn á ti gbọ́. Mo sọ fún wọn pé kò sí fáírọ́ọ̀sì, pé èmi ni mo fi ètò ránṣẹ́ láìfi fódà rẹ̀ kún un, pé Sister Yétúndé ti rí i lọ́jọ́ kìíní, mo kọ̀ láti wò ó. Mo ní èmi kì í ṣe kọ̀ǹpútà fún òyìnbó kankan, arúgbó ni mò ń wẹ̀. N kò rí ojú ẹnikẹ́ni, mo kàn ń gbọ́ fáànù tó ń yí lókè orí wọn.

Mátírọ̀nù ní, "Ìwọ lo jẹ́ kí n ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ." Wọ́n rán èèyàn lọ pe Sister Yétúndé wá. Mo dúró sínú òjò, mo ń retí, títí mo fi gbọ́ tí àwọn obìnrin ń kí ẹnì kan káàbọ̀, tí mo gbọ́ tí wọ́n fa àga, tí Mátírọ̀nù ní, "Yétúndé, má bínú sí mi."

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń kùn, tó dúró.

"Injíníà, ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Sister Yétúndé ni.

"Mo wà níbí, mà."

"Káàdì ti jáde. Lẹ́tà ẹ̀ tóbi, ó dáa. Àmọ́ àmì dúdú tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwọn ìyá ń bi mí léèrè. Kí ló wà fún?"

Omi òjò ti wọ bàtà mi.

"Kò wà fún nǹkan kan, mà," mo ní.

"Ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò."